Ẹ Jẹ́ Kí Á Máa Wo Gééjì: Ooru Ọkọ̀ Ń Jẹ Owó Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ l'óṣù yìí kì í ṣe ti èlé, kì í sì í ṣe ti ìpàdé tí àwọn kan kì í wá. Ọ̀rọ̀ ooru ni, ooru tó ń pa ẹ́ńjìnnì àti jíà ọkọ̀ tí ó ń kó ẹrù wa.

N'ígbà tí rélùwéè ń kó iṣu àti àgbàdo l'ọ sí Èkó láti Ọ̀fà, oníṣòwò kò mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, kò sì kàn án. Ẹrù ti bọ́ sórí títì báyìí. Ata àti tòmátì ń ti Òkè Ọya bọ̀, wọ́n ń gba Mókwá àti Jẹ́bà kọjá nínú oòrùn. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ l'ọ́nà, àwa náà ni ẹrù ń rà mọ́ l'ọ́wọ́.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan yá owó l'ọ́dọ̀ wa, ó fi ra Sienna tòkunbọ̀. Ó so tírélà kékeré mọ́ ọn n'ídìí, ó ń fi kó àpò àgbàdo. N'ígbà kejì tí ó jáde, òórùn ọ́ìlì jíjóná gba inú ọkọ̀ kan. Awakọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká sáà délé ná." N'ígbà kẹta, jíà kọ̀: kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Gbèsè ṣì wà n'ílẹ̀. Àwọn onídùúró méjèèjì, tí wọn kò gun ọkọ̀ náà rí, ni wọ́n ń bá a san án.

Àwọn kan ní awakọ̀ ló jẹ̀bi. Àwọn kan ní tòkunbọ̀ ni kò dára. Àwa ní tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀ tán. Ta ló máa ń sọ pé, "Ẹ fi àpò méjì kún un, kò ní ṣe nǹkan kan"? Àwa oníṣòwò ni. Ta ló máa ń bínú bí awakọ̀ bá dúró kí ọkọ̀ tutù? Àwa náà ni.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe rí. Omi inú ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń wà láàrin dígíríì Celsius 80 sí 100 tí ara rẹ̀ bá yá. Omi lásán ń hó ní 100. Ìdérí rédíétọ̀ tó dára àti omi rédíétọ̀ gidi ni kì í jẹ́ kí ó tètè hó. Bí ìdérí bá ti jò, tàbí tí ẹ bu omi kànga sínú rẹ̀, ààbò ti dín kù. Bí gééjì bá ti ń sún mọ́ pupa, ẹ dúró. Bí ẹ bá ń sáré lọ, gáàsíkẹ́ẹ̀tì á jó, orí ẹ́ńjìnnì á ká, ó sì lè nọ́ọ̀kì.

Ti jíà ọtomátíìkì tún le jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kò ní gééjì fún un. Ọ́ìlì ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì kọjá níbẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo, tí ọkọ̀ ń rá gun òkè, ọ́ìlì náà á máa pò, á máa gbóná. Ó fẹ́ràn nǹkan bí 80 sí 95. Bí ó bá kọjá 120, ó ń bàjẹ́ kíákíá. Àwọn onímọ̀ ní bí ooru bá fi nǹkan bí dígíríì 10 lé sí i, ọjọ́ orí ọ́ìlì náà á dín sí ìdajì. Inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì náà ti ń tutù nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà rédíétọ̀ tó dí ń pa méjèèjì pọ̀. Ọ́ìlì tó pupa tẹ́lẹ̀, tó wá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, ìkìlọ̀ ni.

Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ tàmósíàtì dànù pé ọkọ̀ kò ní gbóná mọ́. Ìyẹn kò wo àìsàn náà sàn. Ẹ wo rédíétọ̀, fáńbẹ́ẹ̀tì àti fáànù ná.

Bí ó bá gbóná l'ọ́nà, ẹ pa éè-sì, ẹ lo jíà kékeré l'órí òkè, ẹ yà s'ẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ó bá le. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ gbígbóná. Omi náà á ta s'ójú ènìyàn. Ẹ má sì da omi tútù lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná.

Àbá wa nìyí. Kí ìgbìmọ̀ má yá ẹnikẹ́ni l'ówó ọkọ̀ láìjẹ́ pé mẹkáníìkì wo gééjì, rédíétọ̀ àti ọ́ìlì jíà. Kí ẹni tí yóò máa fà tírélà gba owó rédíétọ̀ ọ́ìlì jíà mọ́ àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Kí a pe olùkọ́ kan láti Pólì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ n'Ọ̀fà ní 1992 kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀ n'ípàdé. Àwọn kan á ní èyí yóò fa àjẹsílẹ̀ sẹ́yìn. Ọjọ́ mélòó ni àyẹ̀wò fi ń pẹ́? Ẹ bi àwọn onídùúró méjì yẹn bóyá ó pẹ́ jù oṣù tí wọ́n ti ń san.

Ọmọ Ọ̀fà mọ ìjàkadì, ṣùgbọ́n a kì í bá ooru jà. Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ire o.