Ilé Ọmọ Tó Wálẹ̀: Ta Ni Yóò Pinnu Lórí Iṣẹ́ Abẹ?

Lóṣù yìí, a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ìyá kì í sọ fún ọkọ, tí wọn kì í sì í sọ fún ọmọ tí wọ́n bí. Òun ni ọ̀rọ̀ ilé ọmọ tàbí àpòòtọ̀ tó wálẹ̀, tó ń yọ lójú ara.

Àwọn ìyá kan wà láàárín wa tí wọn kì í jókòó síwájú mọ́ nínú ìjọ. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wá, nítorí ìtọ̀ tó ń jò. Àwọn mìíràn rò pé ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ló bà wọ́n. Rárá o! Ẹran ara tó gbé ilé ọmọ, àpòòtọ̀ àti ìfun ró ló ti rọ̀. Ọmọ bíbí púpọ̀, ìrọbí tó pẹ́, ẹrù wúwo, ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle àti ọjọ́ orí a máa fà á.

Orí iṣẹ́ abẹ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ọmọ á ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè yọ ọ́." Ìyá á ní, "Mi ò fẹ́ kú sábẹ́ ọ̀bẹ." Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé àìsàn yìí kì í sábà pa ènìyàn, nítorí náà àyè wà láti ronú. Ìyá tí ara ń ni ló sì ni ìpinnu.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà. Èkíní, bí kò bá ni yín lára, ẹ lè fi í sílẹ̀, kí dókítà máa yẹ̀ yín wò. Èkejì ni eré ìdárayá tí Dókítà Arnold Kegel, ará Amẹ́ríkà, mú kí ayé mọ̀ ní 1948: ẹ fún ẹran ara ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ẹni tó ń di ìtọ̀ mú, kí ẹ sì tún dẹ̀ ẹ́. Bí ilé ọmọ kò bá tíì wálẹ̀ púpọ̀, ẹ ṣe é déédéé fún oṣù 4 kí ẹ tó sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta ni òrùka rọ́bà tí wọ́n ń pè ní pẹ́sárì, tí wọ́n fi ń gbé e ró. Ẹ má gbàgbé rẹ̀ sínú o; a máa ń yọ ọ́ fọ̀, a sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀, kó má baà dá egbò sí yín lára.

Ẹ̀kẹrin ni iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Òmíràn ń yọ ilé ọmọ kúrò, òmíràn ń rán an mọ́ òkè, òmíràn sì ń dí ojú ara pa fún ẹni tí kò bá ọkọ sùn mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ìkẹyìn yìí fún ìyá láìbi í. Ẹ bi dókítà pé: Èwo ni ẹ fẹ́ ṣe? Ṣé ó lè padà wá? Nítorí ó lè padà wá. Ṣé ẹ ó fi àwọ̀n sí i? Ní oṣù kẹrin 2019, ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dẹ́kun títa àwọ̀n tí wọ́n ń gba ojú ara fi sínú fún àìsàn yìí. Ẹ sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ fún un pẹ̀lú. Ta ni yóò sì máa pọn omi fún yín? Nítorí ó tó ọ̀sẹ̀ 6 tí ẹ kò ní gbé ẹrù wúwo.

Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ kò bá jáde, tàbí tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ tàbí egbò, ẹ má ronú mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ.

Àdúrà àti dókítà kì í jà. Oníṣègùn ni Lúùkù tó kọ Ìhìnrere. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá yín, ẹ má pàṣẹ fún wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí.