Ọmọ Tí A Kò Kọ́ Ni Yóò Gbé Ilé Tí A Kọ́ Tà

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ìyá wa tó ń nájà ní Adawlato, ẹ̀yin bàbá àti ọ̀dọ́ Adakpamé, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Àwọn kan ní ìjọba Tógò ti mú owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò láti ọdún 2008, wọ́n ní kí la tún ń wá? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń jókòó ti ọmọ nígbà tó bá délé? Faransé ni tíṣà fi ń kọ́ ọ, Mina ló ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ, Yorùbá la fi ń pè é wá jẹun. Bí ìṣirò ò bá yé e ní Faransé, ta ni yóò là á yé e? Ìgbà tí ìdánwò CEPD bá dé la máa ń lanu, omi á sì ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Olówó á gba répétiteur. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ńkọ́? Ọmọbìnrin tó ń kiri títí ilẹ̀ fi ṣú ńkọ́? Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ńkọ́?

Nígbà tí Kòrónà ti ilé ìwé pa ní oṣù kẹta 2020, gbogbo wa rí i. Ilé tó ní ẹni tó mọ̀wé, ọmọ ibẹ̀ ń kàwé. Ilé tí kò ní, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá. A ní a ó wá nǹkan ṣe. Ilé ìwé ṣí, a gbàgbé.

A ò ní kẹ́ ẹ yọ ọmọ kúrò nílé ìwé o; òfin orílẹ̀-èdè ti 1992, tá a lò títí di 2024, sọ pé dandan ni ilé ìwé títí di ọmọ ọdún 15. Ohun tá a fẹ́ ni ẹ̀kọ́ nínú agboolé: ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, bẹ́ǹṣì, pátákó, iná. Kí ọmọ tó ń tajà nírọ̀lẹ́ wá lọ́sàn-án, kí ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ wá lálẹ́. Kí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì àti àwọn ọmọ wa ní yunifásítì fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí Faransé bò mọ́ wọn lójú. Kí àwọn ìyá máa gba ìṣọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àlá kọ́ o. Lọ́dún 1970 ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní Tógò níbí, ọ̀pọ̀ abúlé ló fi ọwọ́ ara wọn dá ilé ìwé EDIL sílẹ̀, wọn ò dúró de ìjọba.

Ẹ̀yin ìjòyè, a rówó aṣọ ẹbí, a rówó àgọ́ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Àbí owó ṣọ́ọ̀kì nìkan ni ò sí? Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ò fẹ́ "a ó rò ó wò" mọ́. Agboolé mẹ́ta la ń bèèrè, kẹ́ ẹ dárúkọ wọn, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kò ṣeé ṣe, kó dìde kó sọ ìdí rẹ̀ lójú àwọn ìyá ọmọ.