Omi tó Dé Ẹnu Ẹ̀rọ ni Kí Ìjọba Sanwó Fún

Òkè-Ogbó ní Ilé-Ifẹ̀ ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ wà. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn kẹ́yìn ní Nàìjíríà, lọ́dún 2006, ènìyàn 188,087 ni wọ́n kà níbẹ̀. Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ tí wọ́n jọ pín ìgboro ní 167,254. Ọdún náà ti jìnnà. Ilé ti gba oko tó wà létí ọ̀nà Ìbàdàn, ó ti gba ti ọ̀nà Ẹdẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí kò rí yàrá nínú ọgbà sì ti kún àdúgbò. Páìpù omi ìjọba kò tẹ̀lé ilé wọ̀nyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé nílùú lónìí, omi ló ń wá kí ó tó to búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́: á gbẹ́ kànga, tàbí kó pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ, á gbé tánkì dúdú ka orí irin, á ra pọ́ǹpù, á sì máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tí yóò máa fa omi náà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a ń gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé aládùúgbò, àwọn tó kù ń ra píọ̀ wọ́tà mu.

Ifẹ̀ nìkan kọ́ ni. Ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde ní 2015 fi hàn pé lọ́dún 1990, nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń gbé ìgboro Nàìjíríà, 32 ló ní omi ẹ̀rọ nínú ọgbà ilé wọn. Ní 2015, mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Ìlú ń fẹ̀, páìpù ń kú. Nígbà tó di Oṣù Kọkànlá 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì.

Àyè tó ṣí sílẹ̀ yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè ń wò. Veolia àti Suez wá láti ilẹ̀ Faransé, Metito láti Dubai, Wabag láti Íńdíà. Wabag yìí ló gba iṣẹ́ omi ìdọ̀tí ilé ìfọpo Dangote ní Lẹ́kì. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó lè sọ omi ẹrẹ̀ di omi mímu, àwọn mìíràn sì lè wẹ omi ìgbọ̀nsẹ̀ títí tí odò yóò fi lè gbà á láìkú. Kò sí ìdí láti kórìíra wọn tàbí láti fura sí ìmọ̀ wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́ ni ohun tí ìjọba ń rà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń sanwó nígbà tí ẹ̀rọ bá gúnlẹ̀, wọ́n tún ń san nígbà tí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n á wá parí owó lọ́jọ́ tí gómìnà bá gé rìbọ́ọ̀nù. Kò sí èyí tó kan ìyá tó ń dúró de omi ní Òkè-Ogbó lọ́dún kẹta lẹ́yìn rìbọ́ọ̀nù. Ohun tó yẹ kí owó ìlú rà ni omi mímọ́ tó dé ẹnu ẹ̀rọ, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Accra fi èyí hàn kedere. Lọ́dún 2015, ilé-iṣẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Teshie. Abengoa ti ilẹ̀ Spain ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dáa ni. Asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré ju ohun tí ènìyàn lè fojú rí lọ ni wọ́n ń fi agbára ti omi òkun gbà, iyọ̀ á kù sẹ́yìn, omi tó ṣeé mu á jáde. Ó lè pèsè 60,000 mítà onígun mẹ́ta lójúmọ́ fún apá ìlú tí ẹnu ẹ̀rọ ti gbẹ fún ìgbà pípẹ́. Àmọ́ iná mànàmáná ni agbára tó ń ti omi náà, ó sì ń jẹ ẹ́ gan-an. Iye tí ilé-iṣẹ́ omi ìjọba Gánà fi ń ra omi yìí ga ju iye tí wọ́n fi ń tà á fún aráàlú lọ. Bí omi ṣe ń pọ̀ sí i ni àdánù ń pọ̀ sí i. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2018, iṣẹ́ ti dúró níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Àdéhùn ni kò ka àpò ẹni tó máa mu omi náà sí. Àwọn tó tà á pàápàá kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò: ní Oṣù Kọkànlá 2015, lọ́dún kan náà tí omi Teshie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, Abengoa sá lọ sábẹ́ ààbò òfin ní Spain nítorí gbèsè.

Gánà ti gbé ọ̀nà mìíràn wò ṣáájú. Láti 2006 sí 2011, Vitens ti Netherlands àti Rand Water ti South Africa ló ń bójú tó omi ìgboro orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n gbà láti dín omi tó ń ṣòfò kù lọ́dọọdún. Nígbà tí ọdún márùn-ún pé, nǹkan bí ìdajì omi tí wọ́n wẹ̀ ṣì ń jò dànù tàbí kí wọ́n jí i lò, ìjọba kò sì tún àdéhùn náà ṣe.

Senegal gba ibòmíràn. Ní 1996, wọ́n pín iṣẹ́ sí méjì. SONES tó jẹ́ ti ìjọba ló ni páìpù àti ilé ẹ̀rọ omi, òun ló ń yáwó tó sì ń tún nǹkan kọ́. SDE, tí Saur ti ilẹ̀ Faransé ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ń darí iṣẹ́ ojoojúmọ́, ó ń gba owó omi. Iye omi tó lè jò ti wà nínú ìwé àdéhùn. Bí ó bá jò jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó SDE ló ń dínkù. Lójú ẹsẹ̀, jíjò páìpù di ọ̀rọ̀ ẹni tó ń darí iṣẹ́, nítorí àpò rẹ̀ ló ń jò. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, omi tó ń ṣòfò lọ sílẹ̀ láti bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún sí bí ìdá 20. Nígbà tí àsìkò SDE pé, Suez bọ́ sípò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, àwọn ará Dakar sì ti ráhùn gan-an láti ìgbà náà. Ìráhùn wọn kò ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́: ìjọba ṣì ni onílé, ó lè pààrọ̀ ayálégbé.

Ní Windhoek, olú-ìlú Namibia, níbi tí òjò ti wọ́n, láti 1968 ni wọ́n ti ń sọ omi ìdọ̀tí di omi mímu ní Goreangab. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun síbẹ̀ ní 2002, Veolia, Wabag àti Berlinwasser jọ gba àdéhùn ọdún 20 láti máa darí rẹ̀. Ìlú ló ni ín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ Windhoek ti fi ọdún tó lé ní 30 ṣe iṣẹ́ náà fúnra wọn kí àwọn àlejò tó dé. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń rà, kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rú wọn lójú.

Ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí Òkè-Ogbó. Lọ́dún 1978, yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀ dí odò Ọ̀pá láti fi pèsè omi fún ọgbà rẹ̀, ó sì ní ilé ìwẹmi tirẹ̀. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ ọgbà náà ń lọ sínú àwọn adágún tí wọ́n gbẹ́ fún un, níbi tí oòrùn, ewédò àti kòkòrò tíntìnpín ti ń jẹ ìdọ̀tí rẹ̀ láìlo iná mànàmáná. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti fi omi adágún wọ̀nyí ṣe ìwádìí tó gba oyè fún wọn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, onímọ̀ kẹ́míkà àti onímọ̀ ilẹ̀ wà ní ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ sí ìgboro. Ó dunni pé nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí Ifẹ̀ wà nínú rẹ̀, bá ń dúnàádúrà omi, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ pè wọ́n.

Irú ìdúnàádúrà bẹ́ẹ̀ kò sì kéré. Iṣẹ́ omi Iléṣà, tí wọ́n ń fi owó-yíyá Báńkì Ìdàgbàsókè Ìsìláàmù ṣe, tí iye rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 105 dọ́là, ti kọjá lọ́wọ́ Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá sọ́wọ́ Oyètọ́lá, kí ó tó bá Adélékè. Ní Èkó, wọ́n fọwọ́ sí iṣẹ́ ìpele kejì Adíyán ní 2013, láti máa pèsè àádọ́rin mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, kò tíì parí. Dọ́là ni wọ́n fi ń yáwó, dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ àti pátì rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò tó 480 náírà ní báńkì. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Pọ́ǹpù tó bá bàjẹ́ lónìí, iye tí wọ́n máa fi ra pátì rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lára pọ́ǹpù náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iná: ní Oṣù Kẹrin 2024, ìjọba gbé owó iná àwọn tó wà lórí ìpele A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, láti 68 náírà sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan. Àdéhùn tí kò bá dárúkọ ẹni tí yóò ru ẹrù wọ̀nyí ti gbé e ka orí aráàlú ná.

Ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí tilẹ̀ le ju ti omi mímu lọ, nítorí kì í sí ẹni tó ń ké nítorí rẹ̀. Ilẹ̀ Ifẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ orí àpáta. Omi kànga kì í sábà jìn. Inú erùpẹ̀ tó bo àpáta ló ń sinmi sí, ibẹ̀ náà sì ni omi ihò ṣaláńgá ń gbà. Nínú ọgbà tí kànga àti ṣaláńgá kò jìnnà síra wọn, àwọn méjèèjì jọ ń pín ilẹ̀ kan náà. Gọ́tà àdúgbò sì ń tú sínú Ẹsinmìrìn, odò tí ìtàn Mọ́remí sọ di olókìkí.

Oníṣòwò tó bá dé lè na ọwọ́ sí Àbújá. Ilé-iṣẹ́ ìwẹ omi ìdọ̀tí Wupa, tí agbaṣẹ́ṣe SCC kọ́, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007, ni wọ́n ṣe láti gba ìdọ̀tí nǹkan bí ènìyàn 700,000. Àmọ́ ìlú tí wọ́n yàwòrán kí wọ́n tó kọ́ ọ ni Àbújá, páìpù ìdọ̀tí ti wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan páìpù. Bí wọ́n bá gbé Wupa wá síbí lọ́la, kò ní rí ohun tí yóò wẹ̀. Ohun tí Ifẹ̀ nílò ni ibi tí ọkọ̀ agbégbọ̀nsẹ̀ lè lọ tú ẹrù rẹ̀ sí dípò inú igbó, pẹ̀lú adágún bíi ti yunifásítì níbi tí ilẹ̀ bá wà. Ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá lè kọ́ èyí, tó sì lè fi ọdún mẹ́wàá darí rẹ̀, wúlò ju èyí tó mú ẹ̀rọ tó ń dán wá.

Omi tó ń wọlé fún ìwẹ̀nùmọ́ náà ti yí padà. Láti 2021 ni àwọ̀ odò Ọ̀ṣun ti ń dà bíi ti ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn níbi ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu ún. Odò yìí kan náà ló ń ṣàn lọ sí dáàmù Àṣẹ́jíre tó ń fún Ìbàdàn lómi. Álọ́ọ̀mù á mú ẹrẹ̀ rẹlẹ̀, kílóríìnì á pa kòkòrò. Méjèèjì kò ní agbára tó lórí mákúrì tí àwọn awagóòlù ń lò, tó bá ti yọ́ mọ́ omi. Ẹni tó bá ta ilé ìwẹmi fún ìlú tó wà lójú omi yìí láìkọ́kọ́ yẹ omi náà wò fún ọdún kan, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn, kò tíì mọ ohun tó ń tà.

Àwọn kan á ní kí ìjọba lé gbogbo àlejò lọ. Ní Èkó, láti 2014, ẹgbẹ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń bá ìjọba jà kí ó má fi omi lé oníṣòwò lọ́wọ́, ẹ̀rù tó ń bà wọ́n sì tọ́: ẹni tó ni omi ẹni ni ọ̀gá ẹni. Àmọ́ ọwọ́ ìjọba nìkan ló wà lórí omi láti 1990 sí 2015, nígbà tí 32 di mẹ́ta. Phnom Penh ní Cambodia fi hàn pé ìjọba lè ṣe é. Lọ́dún 1993, nǹkan bí ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún omi rẹ̀ ló ń ṣòfò. Lábẹ́ Ek Sonn Chan, tí ó darí ilé-iṣẹ́ omi ìlú náà, ó lọ sílẹ̀ sí bí ìdá mẹ́fà nígbà tó fi máa di 2008. Owó àti ẹ̀rọ òkèèrè wà nínú iṣẹ́ náà. Mẹ́tà tó ń ka omi dáadáa, páìpù tí wọ́n pààrọ̀, àti àwọn aláṣẹ tí wọ́n mú kí wọ́n san owó omi bíi mẹ̀kúnnù ló gbé e ró.

Ọ̀nà tó kù fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe kedere. Kí ìpínlẹ̀ má fọwọ́ sí ìwé ilé ìwẹmi kankan mọ́ láìjẹ́ pé páìpù tó máa gbé omi náà dé Òkè-Ogbó, Mọ̀ọ̀rè àti Ìlódè wà nínú ìwé kan náà. Kí ìdá tó pọ̀ nínú owó agbaṣẹ́ṣe wà nílẹ̀ títí di ọdún karùn-ún, kó máa jáde díẹ̀díẹ̀ bí omi bá ṣe ń dé. Kí wọ́n kọ iye pátì tó gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìṣúra nínú ìpínlẹ̀ yìí sílẹ̀, pẹ̀lú iye ọmọ ìbílẹ̀ tó gbọ́dọ̀ lè tú ẹ̀rọ náà kí wọ́n sì tún un tò láìpe ẹnikẹ́ni láti Paris. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan á kọ̀. Àwọn tó bá gbà ni Ifẹ̀ ń wá, Windhoek àti Dakar sì ti fi hàn pé wọ́n wà.

Ẹni tí yóò máa wò ó bóyá omi dé tún wà nítòsí. Kí ìpínlẹ̀ sanwó fún yàrá àyẹ̀wò yunifásítì láti máa bu omi ní ẹnu ẹ̀rọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ káàkiri ìgboro, kí wọ́n sì máa lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Òkè-Ogbó, pẹ̀lú iye wákàtí tí omi fi ṣàn lọ́sẹ̀ náà. Ìwé yẹn ni kí akọ̀wé owó ìpínlẹ̀ máa kọ́kọ́ kà kí ó tó fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì agbaṣẹ́ṣe.