Ọmọ Etí Ọ̀sà Náà Ní Ìpín Tirẹ̀



Bí ẹ bá dúró létí omi ní Ejìnrìn lónìí, ó lè ṣòro fún yín láti gbàgbọ́ pé ọjà ńlá ni ibẹ̀ láyé àwọn baba ńlá wa. Níbẹ̀ ni àwọn ará Ìjẹ̀bú àti àwọn oníṣòwò Èkó ti ń pàdé. Epo pupa àti èkùrọ́ ń ti òkè wá, aṣọ àti iyọ̀ ń ti Èkó wá. Ogun tí òyìnbó gbé ja Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892 kò ṣẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò yìí. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin àti títì mọ́tò gba ibòmíràn, owó sì bá wọn lọ. Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wa ya ọ̀lẹ. Ọ̀nà ló yà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Mo fi ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé ohun tó ṣe ìlú náà ló ń ṣe àwọn ọmọ wa. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ńlá ní Ìmọ̀ta. Oṣù kan náà ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun ní Lẹ́kí. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń wá ọ̀dọ́ tó kàwé, tó mọ ìṣirò, tó sì ti kọ́ nípa ẹ̀rọ. Ọmọ tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí owó ọkọ̀, iṣẹ́ aláàárù ni yóò bá níbẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ rí i.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jókòó níbi ìpàdé kan tí a ti ń pín àga àti tábìlì ìkàwé fún àwọn wọ́ọ̀dù. Ẹnì kan ní kí a pín in ní dọ́gba-n-dọ́gba kí ẹnikẹ́ni má bàa ráhùn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Èmi ni mo kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń lọ. Òmíràn wà létí omi tí àwọn ọmọ ń jókòó sórí ilẹ̀. Àga ti wọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ṣẹ́kù, wọ́n tò ó jọ sẹ́yìn kíláàsì. Ti èkejì kò kárí kíláàsì kan. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀gá mi wà níjókòó, àti nítorí pé "dọ́gba" dùn létí.

Ìyá tó bí ọmọ mẹ́ta, tí ara ọ̀kan kò yá, ṣé iye kan náà ni yóò ná lórí wọn lọ́sẹ̀ yẹn? Ọmọ tó ń gbé ẹ̀bá títì tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì. Ọmọ tó ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọ̀kadà kó tó dé títì ti náwó kí tíṣà tó pe orúkọ rẹ̀. Bí a bá fún àwọn méjèèjì ní ìwé ọ̀fẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, a kò tíì fún wọn ní ohun kan náà. Ọjọ́ tí ìyá kò bá tà, ọmọ kò lọ. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, òun la máa ń kọ́kọ́ dá dúró sílé.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera sára iṣẹ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ yóò bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2003, Èkó dá ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀ kún 20 tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀pẹ́ di mẹ́ta, Ejìnrìn sì bọ́ sí Ìkòsì-Ejìnrìn, tí orílé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àgbọ́wà. Ṣùgbọ́n 20 ti àkọ́kọ́ yẹn nìkan ni ìwé òfin mọ̀. Orúkọ Ẹ̀pẹ́ ni owó fi ń ti Abuja wá, ilé la ti ń tún un pín. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2025, a dìbò yan àwọn alága àti káńsẹ́lọ̀. Nítorí náà, kí a tó bú Abuja, ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí a dìbò fún nítòsí wa pé báwo ni wọ́n ṣe ń pín in.

Náwó náwó ni ọ̀rọ̀ ọmọ, àwọn àgbà wa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wà. Ìjọba Awólọ́wọ̀ ti kọ́kọ́ bu owó orí lé àwọn ènìyàn, ṣílè mẹ́wàá àti kọ́bọ̀ mẹ́fà. Wọ́n bínú, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fìdí rẹmi nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Síbẹ̀ iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kúrò ní nǹkan bí 456,000, ó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá àgbà tó ń ka Bíbélì fún ara wọn nínú ìjọ wa, èso ọdún náà ni wọ́n.

Ẹ ó rántí ìráhùn tó wáyé ní Jerúsálẹ́mù, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Wọ́n ń fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò ní kí wọ́n lọ gbàdúrà sí i. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje. Ẹ wo orúkọ àwọn méje náà: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Ó jọ pé láàárín àwọn tí wọ́n ń fò gan-an ni wọ́n ti yan àwọn tí yóò máa pín in.

Àwa náà kò mọ́ tónítóní o. Ẹ wo ìwé owó ìjọ yín. Èló la ná lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́dún tó kọjá? Èló la ná lórí kíláàsì àwọn ọmọdé?

Ohun tí a fẹ́ bèèrè kò pọ̀. A fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì tó ń ti etí omi wá. A fẹ́ agbẹ̀bí tó ń sùn sí àdúgbò, kì í ṣe èyí tó ń lọ sílé ní aago mẹ́rin. A sì fẹ́ kí wọ́n máa san owó ìkọ́ṣẹ́ àti ti irinṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Kí a sọ ọ́ kí wọ́n tó parí ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ ni, nítorí pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, àánú nìkan ló kù tí a lè bẹ̀. Bí wọn kò bá fẹ́ fi ìwé hàn wá, òfin ọdún 2011 fún ọmọ Nàìjíríà láṣẹ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin yìí múlẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀.

Àdàkọ lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé ìdàpọ̀. Ẹ kà á, ẹ fi ohun tí àdúgbò yín ṣaláìní kún un, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Ẹni tí kò bá mọ̀wé lè tẹ̀ka. Lọ́jọ́ tí a bá máa gbé e lọ sí Àgbọ́wà, a fẹ́ kí ìyá méjì, ó kéré tán, láti etí omi wà níwájú, kí àwọn fúnra wọn sì sọ iye tí wọ́n ń san fún ọkọ̀ ọmọ lójúmọ́.