Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú kì í ṣe ìlera

Àgbẹ̀ tí orúnkún ń dùn ní Erinje, àti ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun kún, lè ra hóró dexamethasone ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Bẹ́ẹ̀ ló rí káàkiri Nàìjíríà. Kò yẹ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ.

Oògùn gidi ni. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford fi hàn pé ó dín ikú kù láàrin àwọn alárùn Kòrónà tó ń lo ẹ̀rọ ìmí tàbí ọ́síjìn. Àmọ́ kò ṣe ẹni tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní.

Ẹni tó bá ń lò ó pẹ́ lè rò pé òun ń sanra. Omi àti ọ̀rá ló ń wú u lójú. Ẹ̀jẹ̀ lè ru, àtọ̀gbẹ lè bẹ̀rẹ̀, egungun sì lè máa tètè ṣẹ́.

Síbẹ̀, kí ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ má ṣe já a sílẹ̀ lójijì. Ara rẹ̀ ti lè dẹ́kun ṣíṣe èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọn. Ó lè dákú, ó lè kú. Kí ó mú páálí oògùn náà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Òkìtìpupa, kí dókítà bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Kí àjọ NAFDAC má fi iṣẹ́ rẹ̀ mọ sí ìlú ńlá. Kí ó dé ọjà abúlé. Ìlera loògùn ọrọ̀: kí ẹnikẹ́ni má fi oògùn ba ìlera jẹ́.