Abúlé Tó Wà Lábẹ́ Adágún Nangbéto

Àwọn ọmọ Kútọnu mọ omi dáadáa. Òkun wà níwájú wọn, ọ̀sà wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n ń rí ọkọ̀ igi tó ń lọ sí Ganvié, ìlú tí wọ́n kọ́ sórí omi Nokoué. Ta ni ó ṣe omi Nokoué? Ènìyàn kọ́. Omi náà ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé sórí rẹ̀.

Adágún kan wà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Nangbéto ni orúkọ rẹ̀. Orí odò Mónò ni ó wà, ní ilẹ̀ Tógò, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Atakpamé. Ní agbègbè yẹn, àwọn kan ń sọ èdè Ifẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá tẹ́tí sílẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ lẹ́nu wọn.

Ó dára kí wọ́n mú àwọn ọmọ Kútọnu lọ wo adágún yìí. Ọ̀nà náà jìn. Mọ́tò á kọjá Ouidah. Á kọjá ẹ̀gbẹ́ Grand-Popo, níbi tí odò Mónò ti ń wọ inú òkun. Á wọ Tógò, á dé Lomé, á wá yà sí apá àríwá. Ọmọ á sùn, á jí, á tún sùn, mọ́tò ò tíì dé.

Nígbà tí ó bá dé, ọmọ á ya ẹnu. Omi lọ rẹrẹ. Àwọn apẹja ń da àwọ̀n. Erinmi wà nínú omi náà, etí, ojú àti imú rẹ̀ nìkan ni ó máa ń yọ síta. Ibẹ̀ lẹ́wà gan-an.

Báwo ni wọ́n ṣe ṣe adágún náà? Wọ́n kọ́ ògiri ńlá, wọ́n fi sé odò. Omi ò rí ọ̀nà lọ mọ́, ó wá tẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Omi tí wọ́n bá jẹ́ kó kọjá máa ń já wálẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó ń yí ẹ̀rọ ńlá, ẹ̀rọ náà sì ń mú iná mànàmáná wá. Ní ọdún 1987 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ni wọ́n jọ ni iná náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí omi tẹ́ sí yẹn, oko ni. Abúlé ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni wọ́n ní kí wọ́n kó kúrò. Wọ́n lè ru ẹrù. Wọ́n lè da ewúrẹ́ lọ. Wọn ò lè ru oko, wọn ò sì lè ru ojú oórì àwọn baba wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Gánà, nígbà tí wọ́n sé odò Volta ní Akosombo. Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni ó kó kúrò níbẹ̀.

Àwọn àgbà kan lè sọ pé ọmọ kékeré kò nílò irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní kí ó wo erinmi, kí ó jẹ ẹja díndín, kí ó máa bọ̀ nílé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ní kí ó dìde lórí ẹní rẹ̀ fún àlejò mọ bí ó ṣe ń dun ni. Bí àlejò náà kò bá wá dúpẹ́, ó ń dùn ún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ará Nangbéto dìde kí iná lè tàn. Nítorí náà, ilé wọn ni ó yẹ kí iná kọ́kọ́ tàn. Ó sì yẹ kí olùkọ́ tó bá mú ọmọ débẹ̀ wá àgbàlagbà kan tó mọ ibi tí abúlé wà tẹ́lẹ̀, kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀ kí i, kí ó sọ orúkọ abúlé náà fún wọn.

Ọ̀rọ̀ tún kù nísàlẹ̀ odò. Bí òjò bá pọ̀ tí adágún sì kún, wọ́n ní láti ṣí ilẹ̀kùn ògiri náà kí omi lè kọjá. Omi náà á máa bọ̀ wá sí Athiémé àti Grand-Popo. Òótọ́ ni pé odò Mónò ti máa ń kún kí wọ́n tó kọ́ ògiri. Òjò ni ó ń fà á. Síbẹ̀, ẹni tí omi ń bọ̀ wá bá gbọ́dọ̀ tètè gbọ́, kí ó lè gbé ọmọ àti àgbàdo rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Bí mọ́tò bá ń padà bọ̀, kí ó gba Tohoun àti Lokossa, kí ó dúró ní Athiémé. Kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n bi àwọn ará ibẹ̀ ibi tí omi ga dé lára ògiri ilé wọn ní ọdún 2010, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dúró ti ògiri náà wò bóyá omi ọ̀hún ga jù ú lọ.