Ṣé Ọmọ Olówó Nìkan Ló Ni Sinimá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi láti máa gbọ́, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Àwọn kan á ní iṣẹ́ sinimá kò gba ilé ẹ̀kọ́ gíga, pé ọmọ tó bá ti ní ẹ̀bùn, kó gbé fóònù ọwọ́ rẹ̀, kó máa yà á. Ẹ bá mi wo ẹni tó ń sọ ọ́ ná. Ọmọ tirẹ̀ ti wà ní Amẹ́ríkà tó ń kọ́ iṣẹ́ náà!

Wọ́n á tún ní, ṣe bí Ògúndé kò lọ. Kò lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ṣe fíìmù Ayé ní 1979, ta ló darí ẹ̀? Ọlá Balógun ni, ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ sinimá ní Paris. Túndé Kèlání náà, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló ti kọ́ ọ kó tó wá ṣe Ti Olúwa Nilẹ̀ àti Ṣaworoidẹ fún wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ní New York University, ọdún mẹ́ta ni ẹni tó ti gba dìgírì àkọ́kọ́ yóò fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Owó ẹ̀kọ́ nìkan ju 60,000 dọ́là lọ lọ́dún. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, ó ti di 90 mílíọ̀nù náírà, a kò tíì dárúkọ ilé àti oúnjẹ. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ ní 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gbà á yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 107, kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu, kó tó rí owó ọdún kan ṣoṣo san. Àgbẹ̀ Kúta tó ń gbin gbágùúdá ńkọ́? Kó ta oko, kó ta ilé baba rẹ̀ mọ́ ọn, kò lè tó o.

Ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ sinimá sílẹ̀ ní Jos ní 1995. Ó ṣeun, owó rẹ̀ kò sì tó ti òyìnbó. Àmọ́ ọ̀nà jìn, kámẹ́rà wọ́n, ilé gbígbé wọ́n.

Ẹ má sọ fún mi pé owó kò kan ìtàn. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 1960 sí 1970, UCLA ní Los Angeles ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí owó yunifásítì ìjọba níbẹ̀ ṣì kéré. Ibẹ̀ ni Haile Gerima ará Ethiopia àti Julie Dash ti jáde. Charles Burnett fi owó tí kò tó 10,000 dọ́là ya Killer of Sheep ní àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Watts, kó lè fi gba oyè rẹ̀. Ní 1990, ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kó fíìmù náà mọ́ àwọn tí wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun. Ọmọ olówó wo ni ì bá ya Watts bẹ́ẹ̀?

Ará oko inú fíìmù wa ńkọ́? Òmùgọ̀ ni, àbí mégáàdì, àbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Òwu ni wá ní Kúta. Ogun tú Òwu ká ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn àgbà wa ṣì ń pa ìtàn rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyá rẹ̀ rí lẹ ń dúró dè kó wá yà á?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, Kúta títí dé Ìwó, aṣọ ẹgbẹ́jọdá ọdún kan péré, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fi owó rẹ̀ rán ọmọ méjì lọ, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kó má jẹ́ ọmọ alága. Ìjọba Ọ̀ṣun náà, ẹ yọ owó ìrànwọ́ fún àwọn tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ yìí lẹ́yìn dìgírì, kí ẹ sì lẹ orúkọ àwọn tó rí i gbà mọ́ ara ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ká lè mọ ọmọ ẹni tí wọ́n jẹ́.